Pupa Ló Yẹ Kí N Fi Síwájú Orúkọ Rẹ̀

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó ṣí ewé kọjá, mi ò ní bínú. Tíṣà ìṣirò ni mí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀kan, méjì ni, kò sì lè di mẹ́ta nítorí pé ẹ̀rù ń bani. Kí ojú tèmi náà tó rí i, bí ẹnìkan bá jókòó tì mí tó ní òun rí òkú, omi tútù ni mo máa ń ní kó lọ mu.

Ohun kan tún wà níbẹ̀: kì í ṣe òru. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, oòrùn ti yọ, àwọn tó ń ta búrẹ́dì ń pariwo ní ìsàlẹ̀ fèrèsé wa. Òkú tó bá dé lóru, èèyàn lè ní ojú oorun ló ń ṣe òun. Èyí tó bá dé nígbà tí ẹ ń pe orúkọ ní kíláàsì ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Ìlú Banjul ni, lórílẹ̀-èdè Gáḿbíà. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó ń ta ike àti abọ́ ní Albert Market. Nígbà tí ọjà rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀. Dippa Kunda là ń gbé. Láràárọ̀ màá wọ gele-gele, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ní Westfield, a ó gba orí afárá kọjá lórí omi, ó di Banjul.

Ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò tóbi rárá. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì onípákó kan ni, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ kọ́, tí afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ páànù orí rẹ̀. Síbẹ̀, ilé ìwé gbogbo àgbáyé ni wọ́n kọ sára pátákó iwájú rẹ̀, gàdàgbà-gadagba. Gẹ̀ẹ́sì nìkan la fi ń kọ́ni. Ọmọ Lẹ́bánónì wà níbẹ̀, ọmọ Íńdíà wà níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Sàró, àti àwọn ọmọ onílùú. Kíláàsì kẹta girama kékeré ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, ọmọ mẹ́sàn-án péré. Ní ìparí ọdún, ìdánwò kan máa ń ti ìlú òyìnbó wá fún wọn. Ọmọ tó bá yege á gòkè sí kíláàsì àgbà. Èyí tí kò bá ṣe é á lọ wá ibòmíràn gbà.

Ọ̀gá àgbà wa jẹ́ obìnrin kan láti Freetown, tí kì í rẹ́rìn-ín kí ilé ìwé tó parí. Ohun méjì ló gbàgbọ́, Ọlọ́run àti rẹ́jísítà. Ìwé ńlá aláwọ̀ ewé ni rẹ́jísítà yìí. Bírò búlúù ni ká fi fa ìlà fún ọmọ tó bá wá, bírò pupa fún èyí tí kò bá wá. Ọmọ tí pupa rẹ̀ bá ti lé ní ogún láàárín ọdún, ìdánwò ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìwé dókítà kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ní òfin tí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ayé ló máa gba ibẹ̀ wọlé.

Háfísátù wà lára àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn. Ọmọ Akú ni, àwọn Akú Mùsùlùmí tí baba ńlá wọn ti Freetown wá tipẹ́tipẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ èdè wọn, á jọ píjìn létí yín, àfi kí ẹ ṣàdédé gbọ́ "àkàrà", kí ẹ gbọ́ "ọ̀lẹ̀lẹ̀", kí inú yín sì dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lẹ́yìn odi. Bí mo bá pe orúkọ àwọn yòókù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, bí òfin ṣe wí. Ti Háfísátù yàtọ̀. "A de ya, Ma," ni òun máa ń wí, ìyẹn ni pé mo wà níbí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń fà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó yẹ kí n bá a wí. Mi ò bá a wí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, kí n kúkú sọ ọ́ kí ẹ mọ̀.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ ló ń bá a jà, èyí tó ń dun eegun. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ kò sí mọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, àgbàlagbà obìnrin kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ní Half Die. Orúkọ àdúgbò náà nìyẹn, kí ẹ má rò pé èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mama la máa ń pe ìyá àgbà yìí, gbogbo wa.

Ọyẹ́ kì í bá irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣeré. Kí ọyẹ́ ọdún náà tó lọ tán, pupa Háfísátù ti di méjìdínlógún. Ó tún wọ ọsibítù. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ọmọ ti gbẹ, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Mo rò pé bó ṣe ń dùn ún ló máa sọ fún mi.

"Ma," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "pupa mi ti di mélòó?"

Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó sinmi.

"Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pupa sí mi mọ́. Mo máa wá ṣe ìdánwò náà. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi ṣe é. Mama wà níbẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ ọmọ. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Tenki, Ticha." Mo jáde síta, mo sunkún díẹ̀, mo sì wọkọ̀ lọ sílé.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Màá pe orúkọ rẹ̀, màá dúró díẹ̀ bíi pé ẹnìkan dáhùn, màá fi búlúù fa ìlà. Àwọn ọmọ rí mi. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nínú wọn, àwọn náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń ka èyí, ẹ má dibọ́n sí mi. Ta ni kò ṣe irú rẹ̀ rí? Àánú ṣe mí, mo sì fi bírò ṣe àánú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pe àga òfìfo, tí mo sì ń fún un ní búlúù.

Iléyá dé, tí wọ́n ń pè ní Tobaski lọ́hùn-ún. Ilé ìwé ti fún ọjọ́ mélòó kan. Èmi àti ọkọ mi wà ní Dippa Kunda, à ń sun ẹran, à ń kí àlejò. Mi ò dé Banjul, mi ò sì gbọ́ ìròyìn kankan láti ibẹ̀. Fóònù kò tíì wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù nígbà yẹn.

A wọlé padà lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣí rẹ́jísítà. Àṣà mi ni pé mi ò kì í gbójú sókè bí mo bá ń pe orúkọ. Ìwé ni mò ń wò, etí ni mo fi ń gbọ́, ọwọ́ ń fa ìlà. Mo pe ẹni àkọ́kọ́, ó dáhùn. Mo pe ẹnì kejì, ó dáhùn. Mo pe Háfísátù.

"A de ya, Ma."

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè. Mo fa búlúù. Mo ní, "Alhamdulillah! Háfísátù, ara ti yá!" Mo wá gbójú sókè.

Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo.

Àwọn ọmọ ń wò mí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo bínú, mo ní ta ló ń fi ohùn ọmọ aláìsàn ṣeré. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ma, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ̀rọ̀." Mo bá ní ìrìn àjò Iléyá ló rẹ̀ mí. Ìrìn àjò wo? Mi ò kúrò ní Dippa Kunda.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, Ọ̀gá pe gbogbo tíṣà jọ. Ó ní Háfísátù ti kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì ti sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn tíṣà onílùú ń mi orí, wọ́n ń wí pé, "Ndeysaan, ndeysaan," bí wọ́n ṣe máa ń káàánú níbẹ̀. Orí ọjọ́ Ajé tó wà nínú rẹ́jísítà ni ọkàn mi wà, orí ìlà búlúù tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú wá sílé ìwé.

Ọ̀gá kọjú sí mi. "Fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀," ó ní, "láti ọjọ́ tó ti wọ ọsibítù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

Mi ò fà á. Ṣé ẹ mọ ìdí? Bí mo bá fà á, pupa á wà lórí búlúù ọ̀sẹ̀ méjì, ojú Ọ̀gá á sì là. Ó ti lé tíṣà kan lọ rí nítorí ìlà kan ṣoṣo. Orúkọ ilé ìwé yẹn ló sì wà lórí ìwé ìgbélùú mi. Mo bá pa rẹ́jísítà dé. Ta ni yóò máa ka ìlà òkú?

Lọ́jọ́ kejì, mo fo orúkọ rẹ̀. Mo ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀ lé e. Kí ẹnu mi tó kúrò lórí orúkọ náà, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"A de ya, Ma."

Òórùn káńfọ̀ sì kún kíláàsì, irú èyí tí wọ́n máa ń fi wẹ òkú Mùsùlùmí. Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ sín. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ọpọlọ mi ló ń tú. Mo wo ìwé. Búlúù ti wà níwájú orúkọ rẹ̀, ìlà tèmi gan-an, bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sápá òsì. Bóyá ọwọ́ mi ló fà á tí mi ò mọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ ọwọ́ mi ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí láràárọ̀. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Kò gbé àga, kò ti ìwé ṣubú. Ó kàn ń wá sílé ìwé ni.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi abọ́ tó ń tò sílẹ̀. "Lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ," ó ní.

"Kí wọ́n lé mi? Ìwé ìgbélùú mi ńkọ́, Bàbá Súlè?"

Ó tún gbé abọ́ rẹ̀, ó ń tò ó lọ. Òun náà mọ̀ pé owó mi là ń jẹ lọ́dún yẹn.

Lọ́jọ́ kẹwàá tí ọmọ ti kú, Mama wá dúró dè mí ní géètì nígbà tí a parí. Ó ti rù. Ó fà mí lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Akú ló ń sọ, mo ti ń gbọ́ ọ nígbà yẹn, ohun tó sọ nìyí.

"Ticha, láàárọ̀ kùtùkùtù ni mò ń gbọ́ omi ní balùwẹ̀. Mo ti fi yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe sàráà lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo bá a lórí okùn, ó tutù, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mo gbé e fún ẹlòmíràn. Ó tún padà. Alfa ní ẹnìkan wà tó ń dá a dúró. Ó ní ẹnìkan ń ka ọmọ yìí mọ́ alààyè." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ticha, yu stil de kol in nem?" Ṣé mo ṣì ń pe orúkọ rẹ̀?

Mo sọ òótọ́ fún un. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni mo sọ. Mo ní mi ò pè é mọ́, àmọ́ búlúù ń wọlé fúnra rẹ̀, àwọn ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀, mi ò tíì pa wọ́n rẹ́.

Kò bínú. Ó ní, "Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń bẹ̀ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà yẹn, mo ṣì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n yọ ọ́ báyìí. Fi pupa sí gbogbo rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé, kí n tó se àwùjọ rẹ̀. Ọmọ mi ti rìn tó láyé. Jẹ́ kó lọ sinmi."

Àwùjọ ni oúnjẹ tí àwọn Akú máa ń sè fún òkú wọn. Bí wọ́n bá ti sè é tán, tí wọ́n pín in, ó parí náà nìyẹn. Mo ṣèlérí fún Mama. Ẹ ò rí i pé ìlérí mi ti di méjì, ọ̀kan sì ń já èkejì.

Mo gbìyànjú, ẹ má sọ pé mi ò gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú bírò pupa wá. Mo ka orúkọ rẹ̀ sókè, mo sì fún ara mi lésì: "Háfísátù. Kò wá." Mo gbé bírò lé ìwé.

Òórùn káńfọ̀ bò mí. Ohùn náà kò ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wá mọ́. Etí ọ̀tún mi báyìí ló wà, ó tutù.

"Ma," ó ní, "yu bin promis."

Pé mo ti ṣèlérí. Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ìbínú ló wà nínú ohùn yẹn. Ká ní ìbínú ni, ó ṣeé ṣe kí n lè fà á. Ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ ni, bó ṣe bẹ̀bẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tún fọwọ́ kan bírò pupa mọ́.

Mo wá ń sọ fún ara mi pé kó kàn ṣe ìdánwò náà ni. Bó bá ti ṣe é tán, á lọ. Mo sọ ọ́ títí mo fi gbà á gbọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Bí mo bá ń dúró de ìdánwò, mi ò ní jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Ẹ̀rù òkú bà mí, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi ju ìyẹn lọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọjọ́ ogójì pé. Mama se àwùjọ. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, àkàrà wà níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹran wà níbẹ̀, agboolé kún. Ó rí mi láàárín èrò, ó sì fi ọwọ́ tó kún fún òróró fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wò mí lójú.

"Ticha, yu don pul am?"

Ṣé mo ti yọ ọ́?

Mo wo gbogbo oúnjẹ yẹn. Mo wo obìnrin tó ti fi ogójì òwúrọ̀ gbọ́ omi ní balùwẹ̀ òfìfo. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Mo ti yọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Ó bu àkàrà sínú abọ́ fún mi, mo jókòó, mo sì jẹ ẹ́.

Àsìkò ìdánwò dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó máa ṣọ́ wọn máa ń ti ìta wá, ẹni tí kò mọ àwọn ọmọ rí. Èmi tí mo kọ́ wọn ní ìṣirò kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn náà. Orúkọ àwọn ọmọ ti lọ sílùú òyìnbó tipẹ́, wọ́n sì ti tẹ̀ wọ́n sórí páálí pélébé tí a máa ń lẹ̀ mọ́ tábìlì. Páálí mẹ́sàn-án ló dé. Òfin wọn ni pé bí ọmọ kan kò bá tilẹ̀ wá, tábìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Arákùnrin tó wá ṣọ́ wọn lẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Mo jókòó sórí àkàsọ̀ níta. Wákàtí méjì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bírò tó ń họ ìwé.

Nígbà tí wọ́n parí, arákùnrin náà jáde, ó ti lẹ àpòòwé ìdánwò pa, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ó sún mọ́ mi kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́.

"Madam, ọmọ kékeré ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà."

Mo ní ọmọ wo.

"Èyí tó rù yẹn. Ó jọ pé imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo rí òwú ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú o. Òun ló kẹ́yìn kọ̀wé tán."

Ẹni tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń di òkú rí mọ ohun tí òwú inú imú jẹ́. Mo fi orí ti ọ̀pá àkàsọ̀. Ó rò pé ooru ni, ó lọ bu omi wá fún mi.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìdánwò tó kẹ́yìn, mo pe orúkọ. Kò sẹ́ni tó dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì, kò sí. Òórùn káńfọ̀ kò sí. Mo lọ sí yàrá àwọn tíṣà, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi iwájú orí kanlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ní ó ti tán. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi pé mo gbọ́n.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ìsinmi dé, ìsinmi lọ. Èsì ìdánwò ti òkèèrè dé ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ wọlé. Àpòòwé mẹ́sàn-án. Ọ̀gá ṣí ti Háfísátù, ó wò ó, ó ní, "Àwọn òyìnbó yìí náà ń ṣàṣìṣe," ó sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Mo ti yọjú rí i láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ yẹn yege. Nínú ìṣirò, òun ló ṣe dáadáa jù.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, Mama wá. Mo rò pé ó máa ti darúgbó sí i. Rárá. Ara rẹ̀ ti yá, ó wọ aṣọ tó mọ́, téèpù ìwọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ticha," ó ní, "Háfísátù ti yege."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó jókòó tì mí lórí àkàsọ̀, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú rẹ̀ tutù.

"Inú ti bí mi sí ọ rí. Mo rò pé ìwọ lo dá a dúró. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi pé o ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Lẹ́yìn àwùjọ, ó ṣì ń wá. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìwé. Nítorí tèmi ni. Èmi ló ń wá wò. Kí ló dé tí mo fi ń lé e, nígbà tó jẹ́ pé ìfẹ́ mi ló ń fà á? Mo ti ní kí Alfa má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n wá máa bá òun gbé. Mo ní rárá. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún Háfísátù?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi: Mama, irọ́ ni mo pa. Mama, búlúù ṣì wà níbẹ̀. Mama, ọmọ yín fẹ́ sinmi, èmi ni mi ò jẹ́. Mo la ẹnu. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán, mo sì pa ẹnu dé.

Ó tú téèpù ọrùn rẹ̀. "Ó ti ga," ó ní. "Sikẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kúrú fún un. Mo fẹ́ rán tuntun kí ẹ tó wọlé. Ti kíláàsì àgbà, ibo ló máa ń gùn dé?"

Mo dìde dúró. Mo fi ọwọ́ hàn án lára ẹsẹ̀ mi, pé ó máa ń kọjá orúnkún díẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Kí ọdún yẹn tó parí, mo ti padà sí Nàìjíríà. Mo sọ fún ọkọ mi pé àárò ilé ló ń ṣe mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀, mo bẹ̀ yín. Ọmọ tí kò bá wá, kò wá. Ẹ fi pupa sí i. Bó bá máa sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún nígbà tó ṣì ní omi lójú. Bí ẹ bá sì ti purọ́ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ tètè padà lọ bá a kó tó fi irọ́ yẹn kọ́ ilé gbé. Èmi ò padà lọ. Mi ò mọ kíláàsì tí Háfísátù wà báyìí.